Imú ní rárá, itọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni: ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta kan ní Melbourne

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tọkọtaya kan tó ń gbé ní ìlú Melbourne lọ síbi ìgbéyàwó ní ìpínlẹ̀ mìíràn nílẹ̀ Ọsirélíà. Wọn ò mú àwọn ọmọ wọn dání. Ìgbéyàwó parí, wọ́n padà sílé, kò sì pẹ́ tí imú bẹ̀rẹ̀ sí í dí, tí ikọ́ wọlé, tí orí ń fọ́ wọn, tí ara wọn gbóná. Ẹ ó rántí bí nǹkan ṣe rí lóṣù yẹn. Gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ Kòrónà ni, béèyàn bá sín nínú ọkọ̀, èrò á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n yẹ tọkọtaya náà wò, èsì jáde, Kòrónà ni. Bàbá ní i, ìyá ní i.

Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, kò sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú wọn. Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí mọ̀ pé "má sún mọ́ mi" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń wọ ọmọ kékeré létí, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí àìsàn ṣì wà lára wọn. Méjì nínú àwọn ọmọ náà ṣàìsàn díẹ̀, irú èyí tí òbí kì í tìtorí rẹ̀ sọ pé kí ọmọ má lọ síléèwé. Àbíkẹ́yìn ò ṣe nǹkan kan rárá. Ó ń jẹ, ó ń ṣeré.

Wọ́n ki òwú bọ imú àti ọ̀fun àwọn ọmọ náà láti yẹ̀ wọ́n wò. Kò sí Kòrónà. Wọ́n tún un ṣe, kò sí. Iye ìgbà tí wọ́n ṣe é, èsì kan náà ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń pa ìwé dé nìyẹn. "Ọlọ́run yọ àwọn ọmọ," ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ ìdílé yìí ti gbà pé kí àwọn olùwádìí ní Murdoch Children's Research Institute, ilé ìwádìí àìsàn ọmọdé tó wà ní Melbourne, máa gba nǹkan lára wọn. Dókítà àwọn ọmọdé kan, Shidan Tosif, àti onímọ̀ nípa ìgbógunti àrùn, Melanie Neeland, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, itọ́, ìtọ̀, ìgbẹ́, àti ohun tí òwú gbé jáde látinú imú àti ọ̀fun, lára gbogbo ará ilé. Mo kí àwọn òbí yẹn. Ẹni tó bá ti di ọmọ mú fún abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré rí, tí ọmọ ń pariwo tó sì ń wò ó lójú bí ẹni pé òun ló dalẹ̀, yóò mọ ohun tó gbà láti ṣe é ní ọjọ́ kejì-kejì.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature Communications. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Òwú imú ò rí Kòrónà lára àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu àwọn márààrún, òbí àtọmọ, ní áńtíbọ́dì, ohun ìjà tí ara ń ṣe láti fi bá àrùn jà, tó dá Kòrónà mọ̀ nínú. Nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn òbí méjèèjì àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní irú áńtíbọ́dì tó ń jẹ́ IgG, èyí tó lè dá kòkòrò náà dúró kó má lè wọnú sẹ́ẹ̀lì. Nínú àwọn ọmọ, ta sì ni agbára ìdènà rẹ̀ pọ̀ jù? Àbíkẹ́yìn, èyí tí kò tilẹ̀ wúkọ́.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ ká mọ ohun tí àyẹ̀wò méjèèjì ń wá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Àyẹ̀wò òwú imú, tí wọ́n ń pè ní PCR, ń wá ara kòkòrò náà gan-an, níbi tí òwú kàn, lọ́jọ́ tí wọ́n ki òwú náà bọ ibẹ̀. Bí kòkòrò ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí kó kéré jù, èsì á ní kò sí. Áńtíbọ́dì ní tiẹ̀ kì í ṣe ara kòkòrò, iṣẹ́ ọwọ́ ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni. PCR ń béèrè pé ṣé àlejò wà nínú yàrá báyìí. Àyẹ̀wò áńtíbọ́dì ń wò ó bóyá ẹnì kan ti gbé àga kalẹ̀ fún àlejò rí. Yàrá lè ṣófo kí àga ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà wá áńtíbọ́dì ò ní awo nínú. Wọ́n á mú àwo rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kéékèèké 96, ihò kọ̀ọ̀kan ò ju ìdí ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Wọ́n á ti fi díẹ̀ lára ẹ̀gún tó yí ara Kòrónà ká kun ìsàlẹ̀ àwọn ihò náà. Wọ́n á kán itọ́ tàbí omi ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n á dúró, wọ́n á sì ṣan án nù. Bí áńtíbọ́dì tó mọ ẹ̀gún náà bá wà nínú itọ́, yóò gbá a mú, ṣíṣan ò ní gbé e lọ. Wọ́n á wá fi èròjà mìíràn tó ń pàwọ̀ dà sí i. Ihò tó bá yí àwọ̀ padà ti jẹ́rìí, èyí tó bá sì wà bí omi lásán ò ní nǹkan sọ.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo èyí ni itọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wa ń sá tọ̀ bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ara ti rí, ṣùgbọ́n Kòrónà kì í gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, imú àti ẹnu ló ń gbà. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn, ara sì ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà: áńtíbọ́dì tó ń jẹ́ IgA, tó wà nínú itọ́, nínú ikun imú, nínú omijé, tó tún pọ̀ gan-an nínú omi ọmú àkọ́kọ́ tí ìyá ń fún ọmọ tuntun. IgA ló pọ̀ jù nínú itọ́ ìdílé yìí. Mẹ́rin ló ṣàìsàn nínú wọn, àwọn òbí méjì àti ọmọ méjì, àsìkò tí áńtíbọ́dì itọ́ yọjú lára mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí sì bọ́ sí àsìkò tí ara wọn ń yá.

Wọ́n tún wo àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Bí ti òbí ṣe ń ṣe ni ti ọmọ ń ṣe, gbogbo ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara jí, wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, àwọn tó máa ń mú kí ara gbóná, kí gbogbo oríkèé sì máa dunni, kò pọ̀ lára àwọn ọmọ náà. Sójà jáde, àmọ́ kò sí ẹni tó dáná sun ìlú.

Ó wá ku ìbéèrè tó le jù: ṣé àwọn ọmọ yìí kó Kòrónà àbí wọn ò kó o?

Àlàyé mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kòkòrò náà wọ ara wọn, ṣùgbọ́n òwú ò bá a níbẹ̀. Ìkejì ni pé ó kan ilẹ̀kùn, ó tiẹ̀ ki orí bọlé, àmọ́ ara lé e jáde kó tó rí ibi jókòó tí á ti bí sí i. Ìkẹta ni pé áńtíbọ́dì tí wọ́n rí kì í ṣe ti Kòrónà tuntun yìí rárá, pé ti àwọn ìbátan rẹ̀ ni. Àwọn kòkòrò mẹ́rin kan wà nínú ẹbí Kòrónà tó ti wà láàárín wa tipẹ́, tí wọ́n ń fa ọ̀fìnkìn lásán: 229E, OC43, NL63 àti HKU1. Kò sí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan tí kì í pàdé wọn.

Àlàyé kẹta yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfiṣeré. Ní ọdún 2020 kan náà, àwọn olùwádìí ní Francis Crick Institute ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 48 wò, láti ọmọ ọdún kan sí mẹ́rìndínlógún, àwọn tí kò kó Kòrónà rí. Ó kéré tán, 21 nínú wọn ní áńtíbọ́dì tó dá a mọ̀. Ọ̀fìnkìn ló kọ́ wọn. Àmọ́ ibi tí áńtíbọ́dì yẹn ń gbá mú lára ẹ̀gún Kòrónà ṣe kókó. Ẹ̀gún náà ní orí, ó ní ìdí. Ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní S2, jọra láàárín gbogbo ẹbí náà, bí imú àwọn ará ilé kan ṣe máa ń jọra. Orí rẹ̀, S1, ni olúkúlùkù fi yàtọ̀. Ìdí, S2, ni áńtíbọ́dì àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù mọ̀.

Ti Melbourne ńkọ́? IgG tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí àti ọmọ kan yẹn, orí ẹ̀gún ló mọ̀, S1. Ó sì dá kòkòrò náà lọ́wọ́ kọ́ nínú àyẹ̀wò. Èmi gbà pé ọmọ yẹn pàdé Kòrónà gan-an, kì í ṣe ọ̀fìnkìn ọdún tó kọjá ló ń sọ̀rọ̀. Fún àwọn ọmọ méjì yòókù, ẹ̀rí náà rọ̀ díẹ̀: itọ́ wọn ni, àti pé nígbà tí wọ́n fi oríṣiríṣi àmì áńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ wọn wé ti àwọn èèyàn tára wọn le, ti ìdílé yìí ga ju tiwọn lọ. Ẹ sì wo bí àwọn olùwádìí náà ṣe kọ àkọlé iṣẹ́ wọn. Wọn ò pe àwọn ọmọ náà ní ọmọ tó kó Kòrónà. Ọmọ àwọn òbí tó kó Kòrónà ni wọ́n pè wọ́n. Ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ò ní sùúrù yẹn. Láìpẹ́, ohun tó ń káàkiri ni pé Kòrónà kì í ran ọmọdé. Ìdílé kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́ta péré, wọ́n ti fi dá ẹjọ́ gbogbo ọmọ ayé.

Ìdí tí ara ọmọ fi lè yára bẹ́ẹ̀ ṣì ń hàn díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Berlin nílẹ̀ Jámánì wo sẹ́ẹ̀lì inú imú ọmọdé àti ti àgbà. Àwọn ohun tó ń ta sẹ́ẹ̀lì lólobó pé kòkòrò ti dé ti pọ̀ nínú imú àwọn ọmọ kí kòkòrò tó dé rárá. Ti àgbà ń sùn, ariwo ló ń jí i. Ti ọmọ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fèrè lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kí ara lé àrùn jáde lónìí jẹ́ ọ̀tọ̀, kó rántí rẹ̀ lọ́la jẹ́ ọ̀tọ̀. Àwọn ìyá wa mọ ìrántí yìí dáadáa, bí wọn ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti ṣe èèyi tó sì yè é, ọkàn ìyá rẹ̀ ti balẹ̀, kò tún ní ṣe é mọ́. Ní ọdún 1846, dókítà ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Peter Panum, lọ sí àwọn erékùṣù Faroe nígbà tí èèyi ń jà níbẹ̀. Ó rí i pé àwọn arúgbó tó ti ṣe é nígbà tó jà kẹ́yìn, lọ́dún 1781, kò tún ṣe é. Ọdún márùndínláàádọ́rin ni ara wọn fi tọ́jú ìrántí náà. Ọ̀fìnkìn mẹ́rin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Láàárín ọdún kan, èèyàn lè tún kó èyí tó ti kó tẹ́lẹ̀. Níbo ni Kòrónà tuntun wà láàárín méjèèjì, pàápàá lára ọmọdé?

Ìrántí yìí kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Áńtíbọ́dì tó ń yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é wà, àwọn mìíràn nínú wọn á lọ fara pamọ́ sínú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á máa ṣe é níwọ̀nba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì B tó ń rántí wà, wọn kì í ṣe nǹkan kan títí ọ̀tá á fi tún dé. Sẹ́ẹ̀lì T náà wà, tó ń wá sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti gbà, tó sì ń pa á. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá áńtíbọ́dì nìkan, ẹnì kan péré ló kí nínú agbo ilé ńlá.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wo agbo ilé náà dáadáa. Nígbà tí àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tún ń ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí ìlera aráàlú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́. Yunifásítì Birmingham wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 91, láti ọmọ ọdún mẹ́ta sí mọ́kànlá, àti ti àgbà 154. Èsì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Áńtíbọ́dì àwọn ọmọ tó ti kó o ga ju ti àgbà lọ. Sẹ́ẹ̀lì T wọn tó mọ ẹ̀gún Kòrónà ju ìlọ́po méjì ti àgbà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ti àgbà ti ń lọ sílẹ̀, ti ọmọ wà níbẹ̀ digbí.

Nǹkan kan tún yọjú níbẹ̀ tó mú mi rántí ilé Melbourne. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní áńtíbọ́dì Kòrónà rárá ní sẹ́ẹ̀lì T tó mọ̀ ọ́n. Àwọn olùwádìí náà rò pé ọ̀fìnkìn ló ti kọ́ wọn sílẹ̀. Kòrónà náà sì san oore yẹn padà, nítorí pé ọmọ tó bá ti kó o, áńtíbọ́dì rẹ̀ sí díẹ̀ lára àwọn kòkòrò ọ̀fìnkìn náà tún ń ga sí i, láti ibi ìdí ẹ̀gún, S2, tí wọ́n fi jọra.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbi yìí, ìbá rọrùn. Àmọ́ ní ọdún 2022, láti ilé ìwádìí Melbourne kan náà, èsì mìíràn jáde. Àwọn tí PCR ti fi hàn pé wọ́n kó Kòrónà ní ọdún 2020, tí àìsàn ò le lára wọn, ni wọ́n wò. Nínú àgbà, bí 76 nínú ọgọ́rùn-ún ló wá ní áńtíbọ́dì nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọmọdé, 37 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Iye kòkòrò tó wà nínú imú wọn ò sì yàtọ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ lè kó Kòrónà, kí èsì òwú imú ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ̀jẹ̀ wá ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Àwọn kan ka èyí, wọ́n ní iṣẹ́ Birmingham ti bà jẹ́. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Birmingham ń sọ bí ìrántí ṣe lágbára tó lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá rántí, Melbourne ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ò rántí. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá yára lé olè, àwọn ará ilé tó ń sùn lókè lè má gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí mo wá dúró sí ni pé kí òbí má fi àìsàn tó rọra kọjá lára ọmọ ṣe àjẹsára fún un. Ara ọmọ tirẹ̀ lè wà lára 37 náà, ó sì lè má sí. Àwọn ọmọ kan sì wà, wọn ò pọ̀, tí Kòrónà rọra kọjá lára wọn, tí gbogbo ara tún wá dìde sí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà: ibà tí kò lọ, ojú pípọ́n, inú rírun, ọkàn tí kò lu dáadáa mọ́. MIS-C ni wọ́n ń pè é, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé yẹn ní Melbourne, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó kàn wá. Bí a bá fi òwú imú ka àwọn ará ilé náà, ẹni méjì ló kan Kòrónà. Bí a bá fi IgG inú ẹ̀jẹ̀ kà wọ́n, mẹ́ta ni. Bí a bá fi itọ́ kà wọ́n, àwọn márààrún ni. Nílé tiwa ní Nàìjíríà, nígbà tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn, àti NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn, lọ láti ilé dé ilé ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá ọdún 2020 láti mọ iye ẹni tó ti pàdé Kòrónà, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní 23 nínú ọgọ́rùn-ún, Enugu ní 23, Nasarawa ní 19, Gombe ní 9. Iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́rìí ni ìyẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ itọ́.